Ta Ni Ó Ń Ka Lẹ́tà Wa?

Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìgèdè-Èkìtì, iṣẹ́ kan wà tí owó rẹ̀ kì í ju ẹ̀pà sísè ìkúnwọ́ kan lọ, ṣùgbọ́n tí èmi kà sí iṣẹ́ ńlá. Èmi ni mo máa ń ka lẹ́tà fún àwọn ìyá àgbà àdúgbò wa. Bí lẹ́tà bá ti ọ̀dọ̀ ọmọ wọn dé láti Èkó tàbí Kàdúná, wọn yóò ránṣẹ́ pè mí, wọn yóò ti ilẹ̀kùn, wọn yóò sì ní kí n jókòó. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń mọ ẹni tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí ó fẹ́ ìyàwó kejì láìsọ fún ti àkọ́kọ́, àti ẹni tí owó tí ó fi ránṣẹ́ kò tó èyí tí ìyá rẹ̀ fi ń yangàn lọ́jà. Ìyá kan wà láàrin wọn tí kì í jẹ́ kí n dìde bí mo bá kà á tán, àfi bí mo bá fi ìka kan ilẹ̀, tí mo fi kan ahọ́n, tí mo sì nà án sókè ọ̀run pé ohun tí mo kà kò ní jáde lẹ́nu mi. Ọmọdé ni mí nígbà náà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹrù ni ìyá yìí gbé lé mi lórí.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìyá náà tún wá sí mi lọ́kàn. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ń kọ́ ní iṣẹ́ olùkọ́ṣe, ọmọbìnrin kan tí ó máa ń jókòó níwájú, ṣàdédé dẹ́kun wíwá sí kíláàsì. Ní ọjọ́ kẹta, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọ orí fóònù mi. Àwòrán ọmọ náà ni. Wọ́n fi lẹ́tà pupa kọ ọ́ sí i lórí pé olè ni, pé ó jẹ gbèsè, ó sì sá lọ. N kò yá ọmọ yìí lówó rí, n kò sì ṣe onídùúró fún un. Ohun kan ṣoṣo tí ó pa wá pọ̀ ni pé nọ́ḿbà mi wà nínú fóònù rẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà ti dé ọ̀dọ̀ pásítọ̀ rẹ̀, ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí ọkùnrin tí ó ń fẹ́ ẹ sọ́nà, ó sì dé ọ̀dọ̀ obìnrin tí ó máa ń ra ẹ̀wà lọ́wọ́ rẹ̀. Owó tí ó yá kò ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà lọ, oògùn bàbá rẹ̀ ni ó sì fi rà.

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú kí n máa wá ohun tí àwọn kan ń kọ kà, àwọn tí iṣẹ́ òòjọ́ wọn jẹ́ láti máa wádìí bí fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe kan ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ olùkọ́ yunifásítì, àwọn kan jẹ́ amòfin, àwọn kan jẹ́ akọ̀ròyìn, àwọn mìíràn sì jẹ́ ọ̀dọ́ tí ó mọ inú kọ̀ǹpútà bí ẹní mọ inú ilé bàbá rẹ̀. Àwọn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn fún yín.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí gbèsè ọmọ yìí bẹ̀rẹ̀. Àwọn ayánilówó orí fóònù kì í béèrè onídùúró, kì í béèrè ilẹ̀ tàbí ilé. Bí ènìyàn bá ti gbé áàpù wọn sórí fóònù, áàpù náà yóò béèrè ìyọ̀ǹda: ṣé kí ó wo àwọn nọ́ḿbà tí ó wà nínú fóònù yìí, ṣé kí ó wo àwòrán, ṣé kí ó mọ ibi tí olówó fóònù wà? Ẹni tí bàbá rẹ̀ wà lórí ibùsùn yóò tẹ “bẹ́ẹ̀ ni” láìkà á. Láti ìṣẹ́jú náà ni gbogbo orúkọ tí ó wà nínú fóònù rẹ̀ ti di ohun ìdógò. Bàbá ńlá wa mọ ìwọ̀fà, ẹni tí ó fi ara rẹ̀ sin owó. Ní ti èyí, ará àti ọ̀rẹ́ ni a fi sin owó, àwọn náà kò sì mọ̀.

Àwọn tí a fi ìtìjú bá jà kígbe, àwọn akọ̀ròyìn àti amòfin sì gbé igbe náà dé ibi tí ó yẹ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, NITDA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà lé ilé-iṣẹ́ Soko Lending nítorí irú ìwà yìí. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, FCCPC, àjọ tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ya wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó kan ní Èkó. Ní ọdún 2023, Google náà ṣe é ní òfin pé áàpù ayánilówó kankan tí ó bá wà lórí àtẹ òun kò gbọdọ̀ wo nọ́ḿbà tàbí àwòrán inú fóònù oníbàárà mọ́. Ìwà náà kò tán pátápátá, nítorí pé kì í ṣe orí àtẹ Google nìkan ni a ti ń rí áàpù gbà.

Ṣùgbọ́n ohun tí àwa fúnra wa yọ̀ǹda rẹ̀ kéré sí èyí tí a ní kí a wá fi sílẹ̀ ní túláàsì. Láti ọdún 2011 ni a ti ń forúkọ síìmù sílẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2014 ni àwọn ilé ìfowópamọ́ bẹ̀rẹ̀ BVN, tí a fi tẹ ìka, tí a sì ya ojú wa. NIN ti wà nínú òfin láti ọdún 2007, ṣùgbọ́n ìparí ọdún 2020 ni ó tó gbóná, nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo ènìyàn so síìmù rẹ̀ mọ́ NIN. Ẹ ó rántí bí a ṣe ń fún ara wa pa níwájú àwọn ibi ìforúkọsílẹ̀, nígbà tí àrùn Kòrónà ṣì ń jà, tí wọ́n sì ń sọ fún wa nínú rédíò pé kí a jìnnà síra wa. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, a dí ìlà fóònù tí ó lé ní mílíọ̀nù 70 pé wọn kò lè pe ẹnikẹ́ni mọ́ títí tí wọn yóò fi so ó pọ̀. Nítorí náà, ojú wa, ìka wa, ọjọ́ ìbí wa, ilé wa àti nọ́ḿbà wa ti wà ní ibì kan. Ta ni ó fi ìka kan ilẹ̀ fún wa pé kò ní jáde?

Ní oṣù kẹta ọdún 2024, ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn kan tí à ń pè ní FIJ kọ ọ́ jáde pé ibì kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ó ń ta NIN àti ọ̀rọ̀ ara àwọn ọmọ Nàìjíríà. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹgbẹ́ mìíràn, Paradigm Initiative, tún rí òmíràn. Ọgbọ́n tí wọ́n lò kò le rárá: wọ́n ṣe bí oníbàárà. Wọ́n san 100 náírà, wọ́n sì gba ìwé NIN mínísítà tí ó ń ṣe àkóso ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ní Nàìjíríà fúnra rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á, lẹ́yìn náà ni ara mi bù máṣọ. Bí ti mínísítà bá tó 100 náírà, èló ni tèmi?

NIMC, àjọ tí NIN wà lọ́wọ́ rẹ̀, dáhùn pé ẹnikẹ́ni kò ja ilé ìpamọ́ àwọn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Bí olè bá gba ojú fèrèsé wọlé, tàbí bí ẹni tí a fún ní kọ́kọ́rọ́ bá ń gbé ẹrù ta lẹ́yìnkùlé, ohun tí onílé mọ̀ ni pé ẹrù òun ti wà lọ́jà. Ilé-iṣẹ́ púpọ̀ ni a fún láyè láti yẹ NIN wò, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ ní kí a máa ṣọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ẹgbẹ́ Paradigm Initiative yìí. Ọdún 2007 ni 'Gbénga Ṣẹ̀san dá a sílẹ̀ ní Èkó, ọkùnrin tí ó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ iná ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ wọn ni láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Ajégúnlẹ̀ ní kọ̀ǹpútà kí wọ́n lè rí iṣẹ́ ṣe. Nígbà tí ó yá, wọ́n rí i pé kò tó kí ènìyàn mọ kọ̀ǹpútà í lò bí kò bá mọ ẹni tí ń wo òun láti inú rẹ̀. Lónìí, wọ́n ń tẹ ìwé kan jáde lọ́dọọdún tí wọ́n ń pè ní Londa, ọ̀rọ̀ èdè Súlú tí ó túmọ̀ sí “dáàbò bò”, níbi tí wọ́n ti ń kọ bí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní Áfíríkà ṣe ń ṣe sí àwọn ènìyàn rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní Yunifásítì Ìbàdàn náà, Oyèwọlé Ọládàpọ̀ àti Ayọ̀bámi Òjébọ̀dé kọ apá ti Nàìjíríà nínú ìwádìí kan lórí orílẹ̀-èdè mẹ́wàá ní Áfíríkà, tí ó jáde ní ọdún 2021.

Títí di ibí yìí, olè àti olówó èlé ni mo ń sọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti nira ni ti ìjọba. Ní oṣù kẹrin ọdún 2013, ìwé ìròyìn Premium Times tú u fó pé ìjọba àpapọ̀ ti gbé iṣẹ́ mílíọ̀nù 40 dọ́là fún ilé-iṣẹ́ Elbit ti Ísírẹ́lì, ẹ̀rọ tí a ó fi máa wo ohun tí ará ìlú ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, àwọn olùwádìí tí ó ń bá ilé-ẹ̀kọ́ IDS ní Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ ṣírò irú owó bẹ́ẹ̀ láti orí ìwé àdéhùn àti ìwé ìṣúná, wọ́n sì rí i pé láàrin ọdún 2013 sí 2022, ó kéré tán, bílíọ̀nù 2.7 dọ́là ni Nàìjíríà ti ná lórí ẹ̀rọ ìṣọ́ni. Nínú àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí wọ́n yẹ̀ wò, kò sí èyí tí ó ná tó o.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀? Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ aládùúgbò wa ní Tógò. Ní ọdún 2019, àwọn kan rí ihò kan nínú WhatsApp. Wọn yóò pe fóònù ènìyàn, bí ó gbé e, bí kò gbé e, ìpè náà yóò ti sọ ẹ̀rọ amí kan tí à ń pè ní Pegasus sínú fóònù náà. Ilé-iṣẹ́ kan ní Ísírẹ́lì ni ó ṣe Pegasus, ìjọba nìkan ni wọ́n sì ní àwọn ń tà á fún. Pegasus lè ka lẹ́tà, ó lè gbọ́ ọ̀rọ̀, ó sì lè tan kámẹ́rà láìjẹ́ pé olówó fóònù mọ̀. Ènìyàn bí 1,400 káàkiri ayé ni a ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Toronto ní Kánádà, tí à ń pè ní Citizen Lab, ran WhatsApp lọ́wọ́ láti wá àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì kan àti àlùfáà kan ní Tógò wà lára wọn, pẹ̀lú àwọn olóṣèlú alátakò. Àwọn àlùfáà wọ̀nyí kò ṣe ohun méjì ju pé wọ́n ń sọ pé kí a tún ìlú ṣe.

Ọ̀nà tí Citizen Lab gbà mọ èyí dà bí ti ọdẹ. Ọdẹ lè má rí ẹtu, ṣùgbọ́n ó rí ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó rí ewéko tí ó já jẹ. Amí inú fóònù gbọ́dọ̀ fi ohun tí ó bá jí ránṣẹ́ sí ilé, ojú ọ̀nà tí ó ń gbà ránṣẹ́ yìí sì ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tọ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2020, tí wọ́n fi dárúkọ orílẹ̀-èdè 25 tí ó jọ pé wọ́n ra ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Circles, èyí tí ó lè mọ ibi tí fóònù wà, tí ó sì lè gbọ́ ìpè rẹ̀. Nàìjíríà wà nínú wọn.

Ẹnìkan lè bi mí pé, ṣé WhatsApp kò ní ẹnikẹ́ni kò lè ka ọ̀rọ̀ wa ni? Ẹ rántí ẹnà tí a máa ń sọ nígbà èwe, tí a ó fi ìró mìíràn há àárín ọ̀rọ̀ kí àgbà má baà gbọ́ ọ. Ẹ rántí àrokò, tí ẹni tí ó rù ú kò mọ ohun tí ó ń wí. Láti oṣù kẹrin ọdún 2016 ni WhatsApp ti ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ wa di ẹnà láti ọwọ́ ẹni tí ó kọ ọ́ títí dé ọwọ́ ẹni tí yóò kà á, tí WhatsApp tí ó rù ú kò fi lè gbọ́ ọ. Òótọ́ ni, ó sì dára. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá dúró lẹ́yìn ẹni tí ń kọ lẹ́tà, tí ó ń wò ó láti orí èjìká, yóò ti kà á kí ó tó di ẹnà. Ibi tí Pegasus ń dúró nìyẹn.

N kò ní tan yín. Àwa ará Èkìtì kò lè sọ pé kí ìjọba má gbọ́ ohunkóhun. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2024, a pa ọba méjì, Onímòjò àti Ẹlẹ́sùn, lójú ọ̀nà nínú ìpínlẹ̀ wa yìí, ní ọjọ́ kan náà sì ni a jí àwọn ọmọ ilé-ìwé àti olùkọ́ wọn gbé ní Emùré. Èmi náà ní ọmọ ní ilé-ìwé. Ní ọ̀sẹ̀ náà, bí ẹnìkan bá ní kí n fi fóònù mi sílẹ̀ kí a lè rí àwọn ọmọ wọ̀nyí, n ó fi sílẹ̀, n ó sì fi ti ìyàwó mi kún un. Mo béèrè ọ̀rọ̀ yìí nínú ohun tí àwọn olùwádìí kọ, mo sì rí i pé wọn kò sọ pé kí ọlọ́pàá má gbọ́. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé kí ó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ adájọ́ kí ó tó gbọ́, kí ó sì sọ orúkọ ẹni tí ó fẹ́ gbọ́ àti ìdí rẹ̀. Wọ́n tún béèrè ohun kan tí èmi náà ń béèrè: a ti so síìmù mọ́ NIN, a ti ná owó, síbẹ̀ àwọn ajínigbé ṣì ń fi fóònù pe ẹbí ẹni tí wọ́n gbé láti gba owó. Ta ni ẹ̀rọ náà ń wò nígbà náà?

Ìdìbò tún wà níbẹ̀. Ẹ kò ní gbàgbé “dìbò kí o sebẹ̀”, ọ̀rọ̀ tí gbogbo Nàìjíríà fi ń bú wa lẹ́yìn ìdìbò gómìnà ọjọ́ 14 oṣù keje ọdún 2018. Ẹni tí ó fi owó ra ìbò kò lè mọ̀ bóyá a tẹ̀ka fún òun, nítorí pé inú ìkọ̀kọ̀ ni a ti ń dìbò. Fóònù ni ó tú ìkọ̀kọ̀ yìí: olùdìbò yóò ya ìwé ìbò rẹ̀ ní fọ́tò, yóò sì fi han ẹni tí ó fẹ́ sanwó. Kí a tó dìbò ní Ọ̀ṣun ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, INEC kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú fóònù wọ ibi ìtẹ̀ka. Àṣírí tí à ń wí yìí kì í ṣe ti ẹni tí ó ní ohun ìtìjú nìkan. Òun ni kò jẹ́ kí olówó lè bi tálákà pé ta ni ó dìbò fún.

Ní ti òfin, a kò ṣàìní. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní ìpín 37, dáàbò bo ilé wa, lẹ́tà wa, ọ̀rọ̀ orí fóònù wa, títí kan tẹligíráàmù, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kò mọ̀ mọ́. Ní ọdún 2021, Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Ìbàdàn sọ pé ọ̀rọ̀ ara ẹni tí a kọ sílẹ̀ níbòmíràn náà wà lábẹ́ ìpín yìí. Àwọn ẹgbẹ́ bíi Paradigm Initiative gbé òfin kan lọ sí Abuja lórí ẹ̀tọ́ wa nínú íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn aṣòfin fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n Ààrẹ Bùhárí kọ̀ ọ́ ní oṣù kẹta ọdún 2019. Oṣù kẹfà ọdún 2023 ni Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí òfin mìíràn tí ó dáàbò bo ọ̀rọ̀ ara ẹni. Gẹ́gẹ́ bí òfin yìí, ẹ lè bi ilé-iṣẹ́ èyíkéyìí pé kí ni ó ní nípa yín lọ́wọ́. Ẹ lè ní kí ó tún èyí tí kò tọ́ ṣe, tàbí kí ó pa á rẹ́. Bí ọ̀rọ̀ yín bá jò lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́nà tí ó lè ṣe yín ní jàǹbá, ó gbọ́dọ̀ sọ fún àjọ NDPC ní Abuja láàrin wákàtí 72. Ilé-iṣẹ́ ńlá tí ó bá rú òfin lè san mílíọ̀nù 10 náírà tàbí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ó wọlé fún un lọ́dún, èyíkéyìí tí ó bá pọ̀ jù.

Òfin wà ní Abuja o, ṣùgbọ́n ọjà wà ní Adó. Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, mo ra ẹ̀pà yíyan, wọ́n fi bébà wé e fún mi. Nígbà tí mo jẹ ẹ́ tán, mo tú bébà náà wò: fọ́ọ̀mù ẹnìkan ni, pẹ̀lú fọ́tò rẹ̀, orúkọ ìyá rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti nọ́ḿbà BVN rẹ̀. Àwọn tí ń ṣe fọ́tókọ́pì fún wa kì í ṣe ènìyàn burúkú. Èyí tí kò mọ́ dáadáa ni wọ́n ń jù sí apẹ̀rẹ̀, apẹ̀rẹ̀ ni ẹlẹ́pà sì ti ń rà á. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ṣe fọ́tókọ́pì NIN, mo máa ń gba èyí tí ó bàjẹ́ náà lọ́wọ́ wọn, mo sì ń dáná sun ún nílé. Ìyàwó mi ní ẹ̀rù ti sọ mí di aṣiwèrè.

Ní ti akẹ́kọ̀ọ́ wa, èmi àti olùkọ́ obìnrin kan ni a lọ bá a ní ilé àwọn òbí rẹ̀. A dá owó náà pọ̀, a san án, a sì bá a kọ ìwé ẹ̀sùn tí a fi gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ náà tì lẹ́yìn. Lẹ́tà kan dé láti Abuja pé wọ́n ti gba ẹ̀sùn wa. A kò tíì gbọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbéyàwó tí ó ń bọ̀ kò wáyé mọ́. Ọmọ náà padà sí kíláàsì nígbà tí ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀yìn ni ó sì lọ jókòó sí. Sáà kejì ni ó tó padà sí iwájú.